Ọdún Tí Àáró Kan Bàbá Kékeré

Wọ́n ní kí n kọ ojú ewé kan péré nípa Bàbá Kékeré. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Sokodé ló bẹ̀ mí. Wọ́n fẹ́ kà á sókè níbi ìpàdé wọn, nítorí àwọn tó dé lẹ́yìn ò mọ̀ ọ́n rí, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ojú ewé kan! Èmi tí mo gba oyè lísáǹsì ní yunifásítì Kara, tí mo kọ ìwé àṣekágbá tó nípọn tó odindi búrẹ́dì, mo jókòó sí iwájú ilé wa ní Kambolé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò rí ìlà kan kọ. Mo lọ bá bàbá mi, nítorí àbúrò rẹ̀ lọ́mọ ìyá ni Bàbá Kékeré, mo ní kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n ń gé èékánná ẹsẹ̀ wọn nígbà náà. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ pé ó mọ aṣọ rán." Mo ní, "Bàbá, ta ni ò mọ ìyẹn?" Wọ́n ní, "Kọ ọ́ pé ó lawọ́." Mo dúró, mo rò pé èyí tó kù ń bọ̀. Wọ́n yí sí ẹsẹ̀ kejì. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń rí nílé wa nìyẹn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́, bí o bá sì fẹ́ là á, wọn á bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Ó sú mi. Mo fẹ́ kó yé ẹni tó ń kà á pé n kò kórìíra wọn. Mo fẹ́ràn wọn débi pé ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí, pé wọn á rí i bí ìwà àfojúdi. Ṣùgbọ́n ó sú mi, ó sì ti pẹ́ tó ti sú mi.

Ó dára, èmi á sọ ọ́. Bàbá Kékeré, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rafíù, jẹ́ ọkùnrin tí ìfẹ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọkùnrin bíi tirẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dìde ní gbangba lágbègbè wa láti sọ pé ọmọ ènìyàn ni irú wọn, pé kí wọ́n yé lé wọn kúrò nílé, kí wọ́n yé lù wọ́n. Télọ̀ ni, atelié rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ, sì wà ní Sokodé. Bí onílé kan bá da ẹrù irú ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ sí títì, Bàbá Kékeré á wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, á lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà onílé náà, á máa bẹ̀ ẹ́ ní èdè Tem, ní Faransé, ní Haúsá, títí ọ̀rọ̀ á fi sú onílé. Kò ní ohun ìjà mìíràn ju pé kó sú ènìyàn lọ. Bí onílé kò bá gbà, ọmọ náà á sùn sáàárín àwọn aṣọ tí wọn ò tíì rán tán nínú atelié. Ẹni tó ń ṣàìsàn tí ẹbí rẹ̀ kò fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀, Bàbá Kékeré ló ń fọ̀ ọ́. Òfin orílẹ̀-èdè wa lòdì sí wọn títí dòní, nítorí náà kò sí ẹni tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù. Òun náà ń bẹ̀rù. Nígbà tí mo dàgbà, ó sọ fún mi pé òun máa ń rìn kọjá ẹnu ọ̀nà onílé lẹ́ẹ̀mẹta kí òun tó lè jókòó síbẹ̀. Ìyẹn wú mi lórí ju bí wọ́n ṣe ń pè é ní akíkanjú báyìí lọ, nítorí èmi náà máa ń rìn kọjá ẹnu ọ̀nà akọ̀wé bí mo bá fẹ́ béèrè ìwé lásán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tó padà wá gbé ilé láti tọ́jú ìyá rẹ̀. Ojú Ìyá Àgbà, ìyá wọn, ti ń di bàìbàì, wọn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín awó àti àgbébọ̀ adìyẹ mọ́ àfi kí ó ké. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, alùpùpù kan wọ agbo ilé wa láti ọ̀nà Tchamba, ẹ̀rọ ìránṣọ ni a sì kọ́kọ́ rí, kí a tó rí ẹni tó gbá a mọ́ àyà. Láti ọjọ́ náà ni ìró ilé wa ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, búútà tó ń kan ilẹ̀ nígbà àlùwàlá Àsùbá ni a fi ń jí, lẹ́yìn náà ìgbálẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn awó tó ń jà sí àgbàdo, títí ọmọ odó á fi bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán. Ìró ẹ̀rọ náà bọ́ sáàárín wọn, ó ń sáré, ó ń dúró, ó ń sáré. Ìyá Àgbà á ní, "Rafíù, jẹ́ kí etí mi sinmi." Bí ó bá sì dákẹ́ pẹ́, wọn á ní, "Sáfú, lọ wò ó bóyá Rafíù ṣì wà níbẹ̀." Èmi ni Sáfú. Mo ń lọ wò ó. Ó máa ń fi òwú sẹ́nu, á fi ojú kí mi. Ó ń ro ọkà fún Ìyá Àgbà, ó ń fọ ẹsẹ̀ wọn, ó ń yọ ẹ̀gún inú ẹja fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyá wa ń yìn ín, wọ́n sì ń fi í bú àwọn ọkọ wọn.

Ṣùgbọ́n fífẹ́ tí ènìyàn fẹ́ gbé ilé kò tó ní Kambolé. Àwọn àgbà ní òfin kan: ọmọ ilé tó bá ti ìlú ńlá dé, wọn á fún un ní ilẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ebè iṣu rẹ̀ ní àkókò àkọ́kọ́, kí òjò tó lọ tán, kí ilẹ̀ tó le. Bí kò bá kọ ọ́, wọn á gba ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn, òun á sì padà síbi tó ti wá. Ìyá Àgbà máa ń sọ ọ́ bí ẹní ń ka ojú ọjọ́, "Ẹni tí kò ní ebè, àlejò ni, àlejò kì í sì í pẹ́ kó tó bi ara rẹ̀ léèrè ìgbà tí yóò lọ." Ọkùnrin kan kò lè dá kọ oko tó tó bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀ tó le. Àáró ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọkùnrin mọ́kànlá ló wà nínú àáró bàbá mi ní ọdún náà, bàbá mi sì ni olórí rẹ̀. Wọ́n á kọ oko ẹni kan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, títí á fi yí gbogbo wọn ká. Nítorí pé Bàbá Kékeré ló dé kẹ́yìn, òun ni yóò gbà á kẹ́yìn. Ó bá wọn kọ oko mẹ́wàá. Ọwọ́ rẹ̀ tó ń rán aṣọ ìyàwó bó títí awọ tuntun fi hù sórí rẹ̀. Ó máa ń fi òrí pa á, á ní, "Sáfú, wò ó, ọwọ́ mi ti di ará Kambolé."

Nígbà tó ku oko tirẹ̀ nìkan, ó lọ sí Sokodé fún ọjọ́ méjì. Onílé kan ti lé ọmọkùnrin mẹ́ta síta lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn aládùúgbò sì ti jù wọ́n ní òkò. Ẹ̀bẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ni Bàbá Kékeré bá lọ sórí rédíò. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ wọ̀nyí ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni, ó ní irú wọn ni òun, ó sì dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó ní Kambolé ni òun ti wá. Ta ló ní kó dárúkọ Kambolé? Títí dòní, nígbà tí n kò bá rí oorun sùn, mo máa ń bá a jà lọ́kàn mi lórí ọ̀rọ̀ kan yẹn. Ó lè sọ pé ará Sokodé ni òun! Ọjọ́ ọjà Tchamba ni ọjọ́ náà. Àwọn ará abúlé Bago tó kó iṣu wá gbọ́ ọ láti inú rédíò oníṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ náà sì gun ọkọ̀ iṣu, ó dé ilé wa ṣáájú ẹni tó sọ ọ́.

Kò sí ẹni tó pariwo. Ó yà mí lẹ́nu pé kò sí ẹni tó pariwo. Bàbá Lámídì, tí oko rẹ̀ pààlà pẹ̀lú tiwa, ẹni tí Bàbá Kékeré kọ ebè rẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan, wá jókòó ti bàbá mi, ó kí i nípa òjò, ó kí i nípa ewúrẹ́, ó wá ní, "Ní ti ọ̀la tó kù nínú àáró, ẹ̀yìn ń dun àwọn ènìyàn." Bàbá mi ní, "Gbogbo wọn?" Ó ní, "Gbogbo wọn." Ó dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀. Nígbà tí Bàbá Kékeré dé, bàbá mi pè é sí abẹ́ igi máńgòrò. Mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí lé mi.

Bàbá mi ní, "Sọ fún wọn pé o ti fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Wọn á wá lọ́la, ilẹ̀ á di tìrẹ, ó parí."

"Ẹ̀gbọ́n, n kò fi í sílẹ̀."

"Ṣé mo ní kí o fi í sílẹ̀ ni? Mo ní kí o sọ ọ́!"

"Ẹ̀yin tí ẹ na Sáfú níjẹta pé ó parọ́ nípa ẹyin awó?"

"Má fi ẹyin awó bá mi sọ̀rọ̀, Rafíù."

Bàbá Kékeré ń fi ìka kan fa ìlà sílẹ̀. Ó ní, "Mo ti sọ fún àwọn ọmọ yẹn pé kí wọ́n má tijú. Bí mo bá jókòó síbí tí mo parọ́ nítorí iṣu, ojú wo ni n ó fi padà wò wọ́n?"

Bàbá mi ní, "Ìyá rẹ ńkọ́? Ojú wo ni ìyá rẹ yóò fi wò ọ́ bí o bá lọ? Ojú wo ló kù fún un?" Bàbá mi dìde, wọ́n ní, "O ti máa ń sú ènìyàn láti kékeré," wọ́n sì lọ ṣe àlùwàlá. Mo ń rò ó pé bóyá ẹkún ló fẹ́ gbọ̀n wọ́n ni wọ́n ṣe sáré lọ, ṣùgbọ́n n kò mọ̀, nítorí pé ní ilé wa, ènìyàn níláti máa fojú inú wo ohun tó wà nínú àwọn àgbà bí ẹní ń yẹ iṣu wò láti ẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Kékeré gbé ọkọ́ rẹ̀, ó dá lọ sí oko. Ìyá Àgbà ò gbà pé ohunkóhun ti yí padà. Wọ́n ní kí àwọn ìyá wa bó iṣu ènìyàn mọ́kànlá, wọ́n fi ọwọ́ wọn kà á nínú ìkòkò. Ìyá mi rọra sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó lọ. Wọ́n ní, "Músá ńkọ́?" Músá ni bàbá mi. Bàbá mi wà nítòsí wọn níbẹ̀, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ń tún okùn kan ṣe tí kò já. Ìyá Àgbà nu ọwọ́ wọn, wọ́n wá ní, "Sáfú, mú fóònù Rafíù wá, ó gbàgbé rẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Wá orúkọ ọmọ tó máa ń pè é ní alaalẹ́ yẹn." Wákílù ni, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí onílé lé. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìyá Àgbà gbá fóònù mọ́ etí bí ẹni tó gbá ọmọ mú, wọ́n pariwo ní èdè Tem kí gbogbo agbo ilé lè gbọ́, "Èmi ni ìyá Rafíù. Mo ní iyán ènìyàn mọ́kànlá nílẹ̀, n kò sì ní dà á nù. Ẹ mú ọkọ́ dání."

Wọn ò mú ọkọ́ dání. Níbo ni wọn ì bá ti rí ọkọ́? Ènìyàn márùn-ún ló dé lórí alùpùpù méjì kí oòrùn tó dé àtàrí, ọ̀kan wọ bàtà funfun, ọ̀kan fi ìgò dúdú sójú. Mo mú wọn dé oko pẹ̀lú ọkọ́ tí ìyá mi kó jáde láìsọ̀rọ̀. Bí Bàbá Kékeré ti rí wọn, ó ju tirẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló pè yín? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n pa yín ni?" Wákílù, tó máa ń pè é ní Tọ́ńtọ̀n bí ẹni tó ń pe àbúrò bàbá rẹ̀, ní, "Màmá ni. Wọ́n ń pariwo, Tọ́ńtọ̀n, a ò lè kọ̀ fún wọn." Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run dárí jì mí, n kò rí irú ebè bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀kan rí bí ibojì, ọ̀kan rí bí àkàrà tó fọ́, ọ̀kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà omi tààrà. Oníbàtà funfun gbẹ́ ilẹ̀ nígbà méjì, ó bojú wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní, "Báyìí ni ẹ ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́?" Wákílù ní, "Dákẹ́, ìwọ tó ní o lè gbé màlúù." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Kékeré ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì, ó ń tún un ṣe, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ, ó sì ń fi bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú hàn wọ́n. Mo sá padà sílé nítorí n kò lè wò ó mọ́. Ojú ń tì mí fún ebè wọn, ojú ń tì mí pé ojú ń tì mí. Bàbá mi béèrè pé, "Mélòó ni wọ́n ti kọ?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Báwo ló ṣe rí?" Mo sọ ìyẹn náà fún wọn, mo sọ ti àkàrà, mo sọ ti ẹnu ọ̀nà omi. Wọ́n pòṣé. Wọ́n tún pòṣé. Wọ́n kí ìrun Àlàásárì, wọ́n gbé ọkọ́ wọn.

Ẹni tó bá mọ àáró á mọ ohun tó wà nínú ìyẹn. Bí olórí àáró bá ti fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ní oko ẹnì kan, oko náà ti ṣí nìyẹn. Ẹni tí kò bá wá, òun ló já àáró, kò sì sí ẹni tí yóò tẹ̀lé e lọ sí oko rẹ̀ mọ́. Bàbá mi mọ̀ ọ́n. Wọ́n gba ojú ọ̀nà ńlá kọjá níbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí wọn, wọn ò gba ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí wọ́n dé oko, Bàbá Kékeré ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n." Bàbá mi ní, "Má kí mi. Ta ló kọ ìranù yìí?" Wọ́n fi ẹsẹ̀ da ebè Wákílù nù, wọ́n ní, "Tún un kọ. Ìdí rẹ̀ kọ́kọ́. Ìdí rẹ̀!" Wọ́n bú wọn láti ìgbà náà títí oòrùn fi wọ̀. Ní gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e, mo ń dúró pé wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan péré, fún àbúrò wọn, pé mo ti ṣe àìdáa sí ọ, tàbí pé mo gbọ́ ohun tí o sọ. Wọn ò sọ ọ́. Nígbà tí mo bi wọ́n lọ́dún tó kọjá ìdí tí wọ́n fi lọ, wọ́n ní, "Omi ì bá ti wó gbogbo rẹ̀." Mo binú débi pé mo jáde nílé, mo rìn dé ojú ọ̀nà Tchamba kí n tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ lásán ni mo wà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo àwọn ọkùnrin àáró wá. Wọ́n wá bí ẹni tí wọ́n ń fà lọ sí ilé ẹjọ́. Àwọn ọmọ Sokodé ti sùn sí yàrá Bàbá Kékeré, wọn ò lè ká ìka wọn, ṣùgbọ́n wọ́n jáde. Wọ́n ṣe iṣẹ́ láìbá ara wọn sọ̀rọ̀ títí oko fi tán ní ọ̀sán. Ìyá mi gbé iyán dé inú oko nínú abọ́ ńlá kan. Bàbá Lámídì wo abọ́ náà, ó wo Bàbá Kékeré, ó ní òun á mú tòun lọ sílé. Ìyá Àgbà, tí wọ́n fọwọ́ fà dé ibẹ̀ nínú oòrùn, gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n ní, "Lámídì, n kò ríran, n kò lè bu iyán fún ènìyàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò bá lè fi ọwọ́ bọ abọ́ kan pẹ̀lú ọmọ mi, kó gbé ebi rẹ̀ lọ." Ooru iyán ń lọ sókè. Mo gbọ́ ikùn ẹnì kan tó kùn. Bàbá mi ṣan ọwọ́, wọ́n jókòó, wọ́n sì fi ìgbọ̀nwọ́ ti Bàbá Kékeré kó sún díẹ̀. Àwọn yòókù ṣan ọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Lámídì ló ṣan ọwọ́ kẹ́yìn, ó ṣan án pẹ́ púpọ̀. Ó ní, "Bísímílà," pẹ̀lú ohùn ẹni tí wọ́n ń yọ eyín rẹ̀.

Wọ́n jẹun. Wákílù ò lè gé iyán dáadáa nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti bó, ó ń fi ìka méjì ṣa á. Bàbá Lámídì wò ó, ó wò ó, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó gé òkèlè, ó jù ú síwájú rẹ̀. Ó ní, "Bí o bá di ọkọ́ mú bí abẹ́rẹ́, báyìí náà ni yóò ṣe máa bó." Ó yíjú sí Bàbá Kékeré, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ọjà Tchamba. "Rafíù, ìwọ lo kọ́ àwọn wọ̀nyí níṣẹ́ oko?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"O ò kọ́ wọn dáadáa." Ó lá ọwọ́ rẹ̀. "Ọkà bàbà mi ti gbó. Wọ́n ti kọ oko àáró, wọ́n ti wọ àáró nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í sì í já a láàárín. Lọ́jọ́ Àlàmísì ni a óò gé e. Sọ fún wọn pé n kò fẹ́ rí bàtà funfun lóko mi, n kò sì ní dúró de ẹni tó bá pẹ́."